Ẹni Tó La Òkun Kọjá Kò Tíì La Ara Rẹ̀ Kọjá

Bí Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ bá wọlé dé Èkó Akéte ilé ọgbọ́n, Èkó arómisá lẹ̀gbẹlẹ̀gbẹ, ẹni tó bá gba òpópónà Igbosere wọ Campos, tó sì ti ibẹ̀ yà sí Lafiaji ní òwúrọ̀ Ẹtì Rere, kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ọjọ́ tí a wà fún un, nítorí imú rẹ̀ ni yóò sọ ọ́. Òórùn àgbọn tí a rin, tí a sì fún omi rẹ̀ sórí ẹ̀wà, ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ti kànáfùrù yóò tẹ̀lé e. Ti ẹja díndín yóò sì gba ẹ̀yìnkùlé wá bí àlejò tí a kò pè, tó sì mọ̀ dájú pé a kò ní lé òun. Frẹ́jọ̀n ni wọ́n ń sè. Láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni ẹ̀wà ti wà lórí iná, tí yóò máa hó títí yóò fi rọ̀, tí wọn yóò lọ̀ ọ́, tí wọn yóò fi asẹ́ sẹ́ èèpo rẹ̀ kúrò, kí wọ́n tó da omi àgbọn àti ṣúgà sí i, kí wọ́n sì máa rò ó láìsinmi kó má baà jóná nídìí ìkòkò. Gàárì ni wọ́n ń bù sí i, ọbẹ̀ ata àti ẹja ni wọ́n sì ń fi tì í. Àwọn Àgùdà, tí àwọn mìíràn ń pè ní Àmárò, àwọn ìyá àti baba tó ti oko ẹrú ilẹ̀ Bràsíl padà wálé, ni wọ́n gbé oúnjẹ yìí dé. Àwa tí a bá wọn gbé àdúgbò, ìbáà ṣe Mùsùlùmí, ìbáà ṣe ọmọ ìjọ Gẹ̀ẹ́sì, ti bá wọn jẹ ẹ́ débi pé ó ti di ti gbogbo wa. Bí ó bá sì di Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, àwọn ẹgbẹ́ Fàńtí ti Lafiaji, ti Campos, ti Òkè Pópó àti àwọn yòókù yóò wọ aṣọ aláràbarà jáde pẹ̀lú fèrè àti ìlù, ìgboro yóò sì mì tìtì.

Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, tàbí kó ṣáájú rẹ̀ díẹ̀, tàbí kó kẹ́yìn rẹ̀, bí òṣùpá bá ti pàṣẹ, ni àwọn Júù káàkiri ayé ń ṣe Àjọ Ìrékọjá, èyí tó ti wà láyé tipẹ́tipẹ́ kí ọdún Àjíǹde tó dé. Ìbátan ni àjọ méjèèjì, nítorí àkókò Ìrékọjá ni Jésù Olúwa bá àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ jẹun alẹ́ ìkẹyìn. Àmọ́ ó ti pẹ́ tí ọmọ ti kúrò nílé baba, tó sì ti kọ́ ilé tirẹ̀, débi pé ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń jẹ frẹ́jọ̀n lọ́jọ́ Ẹtì Rere ni kò béèrè rí ohun tí wọ́n ń ṣe nílé baba náà. Èmi fẹ́ béèrè lónìí, nítorí ó hàn sí mi pé ohun kan wà lọ́hùn-ún tí àwa ọmọ Èkó, pàápàá àwọn tí ìran wọn ti wẹ òkun já, ti sọ nù lójú ọ̀nà, tí àìsí rẹ̀ sì ń jẹ wá níyà láìmọ̀.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù tí àwọn Júù ń pè ní Nisan ni àjọ náà ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 7 ni wọ́n fi ń ṣe é ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, ọjọ́ 8 sì ni lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn odi. Kó tó wọlé, wọn a kó gbogbo ìwúkàrà kúrò nílé: búrẹ́dì, bisikíìtì, bíà, àti ohunkóhun mìíràn tí a fi àlìkámà tàbí ọkà bálì ṣe tó ti wú. Ní alẹ́ tó ṣáájú, baálé ilé a tan àbẹ́là, a mú ìyẹ́ àti ṣíbí onígi lọ́wọ́, a máa wo igun ilé, abẹ́ tábìlì, ìdí àpótí àti inú àpò ẹ̀wù àwọn ọmọ, a sì máa fi ìyẹ́ gbá ẹ̀rúnrún tó bá rí sínú ṣíbí. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi ègé búrẹ́dì 10 pamọ́ káàkiri ilé ṣáájú, kí wíwá náà má baà já sí asán. Ohun tí wọ́n bá rí, wọn a sun ún lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Èyí tí ojú wọn kò tó, wọn a fi ẹnu kọ̀ ọ́ sílẹ̀ pé kò ní láárí mọ́, erùpẹ̀ lásán ni. Àwọn àgbà wọn ti ń kọ́ni láti ayébáyé pé ìwúkàrà inú ilé ní ẹnìkejì nínú ọkàn, èyíinì ni ìgbéraga tó ń mú ènìyàn wú ju bí Ẹlẹ́dàá ti dá a lọ. Pọ́ọ̀lù tí í ṣe Júù sì sọ ohun tó fara jọ ọ́ fún àwọn ará Kọ́ríńtì, ó fi ìwúkàrà wé àrankàn àti ìwà búburú. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún ọmọ ọ̀dọ̀. Baálé fúnra rẹ̀ ni yóò kúnlẹ̀ lórí orúnkún rẹ̀ méjèèjì kí ó lè rí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ní alẹ́ àjọ, wọn a jókòó yí tábìlì ká fún oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní Seder. Àkàrà àìwú wà níbẹ̀, ìyẹ̀fun àti omi lásán, tí kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 18 lọ láti ìgbà tí omi bá ti kan ìyẹ̀fun títí yóò fi wọ inú ààrò, nítorí pé ìkánjú ni àwọn baba wọn fi jáde ní Íjíbítì, tí àkàrà wọn kò ráyè wú. Ewé kíkorò wà níbẹ̀ nítorí ìgbé ayé ẹrú. Omi iyọ̀ wà níbẹ̀ nítorí ẹkún. Èso ápù gígún tí a pò mọ́ kóró èso oríṣiríṣi àti wáìnì wà níbẹ̀, ó sì jọ amọ̀ tí wọ́n fi ń mọ bíríkì fún Fáráò, bẹ́ẹ̀ adùn ló wà lẹ́nu. Èmi kò tíì rí aláròjinlẹ̀ kankan tó dárà ju ẹni tó kọ́kọ́ ronú pé kí a fi adùn ṣe àwòrán amọ̀ ìyà. Ife wáìnì 4 ni olúkúlùkù ń mu, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé ibi ìyọnu mẹ́wàá tó kọlu Íjíbítì, wọn a kán wáìnì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá kúrò nínú ife, kí ayọ̀ wọn má baà kún àkúnwọ́sílẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé ẹlòmíràn kú kí àwọn tó là. Ọmọ tó kéré jù lọ nínú ilé ni yóò sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀: òun ni yóò béèrè ìdí tí alẹ́ yìí fi yàtọ̀ sí àwọn alẹ́ yòókù. Bí kò bá sí ìbéèrè, ìtàn kò lè gbéra.

Kí ni ìdáhùn tí àgbà ń fún un? Ó ń wí fún ọmọ náà ní gbangba, níwájú àlejò àti ará ilé, pé ẹrú ni àwọn baba wa, pé ẹrú Fáráò ni wọ́n, pé Ọlọ́run ló fi ọwọ́ agbára yọ wọ́n. Kò parí síbẹ̀: ó di dandan kí olúkúlùkù ka ara rẹ̀ kún àwọn tó jáde lóru ọjọ́ náà, kó sọ ọ́ pé ẹsẹ̀ òun náà tẹ iyanrìn Òkun Pupa. Gbogbo ìyókù ọ̀rọ̀ mi dúró lórí ibi yìí. Nínú ọ̀kan lára àwọn ayẹyẹ wọn tó tóbi jù lọ lọ́dún, nígbà tí aṣọ funfun wà lára, tí wáìnì wà nínú ife, ohun tí ìran yìí yàn láti kọ́ ọmọ wọn ni pé inú oko ẹrú ni a ti wá. Wọn kò tọrọ gáfárà, wọn kò sì rẹ ohùn sílẹ̀.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí lọ́dọ̀ tiwa. Yorùbá ló sọ pé ìbí kò ju ìbí, bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ. Yorùbá náà ló sọ pé ẹrú kú, ìyá kò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, bẹ́ẹ̀ ẹrú ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Òtítọ́ ni òwe méjèèjì, àánú sì wà nínú wọn. Síbẹ̀, bí ìjà bá dé láàárín ọmọ bàbá kan náà lórí ilé ẹbí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, òkò wo ni wọ́n ń kọ́kọ́ sọ? Wọ́n á ní àrọ́tà, ìran ẹrú inú ilé, ni ìyá rẹ, wọ́n á ní ẹni tí a rà lówó ni ó bí bàbá bàbá rẹ, wọ́n á ní kò sí ohun tó kàn ọ́ nínú ogún. Ọ̀rọ̀ àrọ́tà ti dé iwájú adájọ́ ní Èkó yìí láìmọye ìgbà láti ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn agbẹjọ́rò àgbà sì ti jèrè rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn ẹbí kan fi gbé ìtàn wọn sin, tí wọ́n sì fi òkìtì orúkọ ńlá bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tí a bá sì sin láàyè, ẹ̀yin èèyàn mi, a máa jí.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹ̀rí wá láti inú omi Èkó yìí gan-an pé ènìyàn lè bọ́ lóko ẹrú kí oko ẹrú má tíì bọ́ lọ́kàn rẹ̀. Ní ọdún 1821 ni àwọn amúnilẹ́rú kó ìlú Òṣógùn, tí wọ́n sì mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí, Àjàyí Ògídí Olú, oníkànga àjípọn. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ ọjà, títí ó fi dé Èkó. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan ní ọdún 1837 pé ìbànújẹ́ mú òun gbìyànjú lóru láti fi ọ̀já ìdí òun fún ara òun lọ́rùn, ṣùgbọ́n ọkàn òun kò gbà á. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ Potogí tí wọ́n kó o sí, Esperança Felix, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀. Bí a bá yẹ kàlẹ́ńdà ọdún náà wò, ọjọ́ Àìkú Àjíǹde ni ọjọ́ náà bọ́ sí, àwọn Júù sì wà nínú ọ̀sẹ̀ Ìrékọjá wọn.

Ṣé inú Àjàyí dùn lọ́jọ́ náà? Rárá o. Nígbà tí wọ́n gbé òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sínú ọkọ̀ àwọn olùdáǹdè, wọ́n rí ẹran tí a so rọ̀, wọ́n rí ọta àgbá tí a tò jọ, wọ́n sì gbà lọ́kàn wọn pé ẹran ara àwọn ará wọn ni èyí tí a so, pé orí wọn sì ni àwọn ohun róbótó tó wà nílẹ̀ yẹn. Ìgbà tí Àjàyí sún mọ́ ẹran náà tó sì rí pátákò ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ti kúrò lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù amúnilẹ́rú ṣì jókòó sínú àyà pẹ̀sẹ̀. Ọdún púpọ̀ kọjá kí ọmọ tí ń gbọ̀n jìnnìjìnnì yìí tó di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther ní 1864, òun náà ló sì ṣe aṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè wa, èyí tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884. Bí a bá ń ka Ẹ́kísódù ní Yorùbá, tí a gbọ́ bí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti ń kérora lábẹ́ akóniṣiṣẹ́, ẹ rántí pé ẹni tó ṣe ọ̀nà fún ọ̀rọ̀ náà mọ bí okùn ti ń ro ọrùn.

Kò yàtọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ Ísírẹ́lì. Òru ọjọ́ kan ni wọ́n fi la òkun kọjá, 40 ọdún ni wọ́n fi rin aginjù, Ìwé Nọ́ńbà sì jẹ́rìí pé nínú aginjù náà, apálá, bàrà, àlùbọ́sà àti aáyù Íjíbítì ni ọ̀fun wọn ń fà sí. Ènìyàn a máa ṣàárò oko ẹrú, ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa. Mo rò pé ìdí nìyí tí Ọlọ́run fi ní kí wọ́n máa ṣe àjọ náà lọ́dọọdún. Bó bá ṣe pé ìdáǹdè ti tán lójú omi ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọn ì bá ṣe é.

Àwọn Àgùdà tiwa gba ọ̀nà mìíràn dé òmìnira. Ní Bahia, ọ̀pọ̀ ẹrú ni olówó wọn ń rán jáde láti kiri ọjà, láti ru ẹrù, láti ṣe iṣẹ́ ọwọ́, kí wọ́n sì máa mú iye kan wálé. Ohun tó bá lé lórí rẹ̀ ni tiwọn. Láti inú ẹ̀rún yìí ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n ń dá owó jọ gẹ́gẹ́ bí a ti ń dá èésú, tí ẹni tí ó kàn yóò kó o, yóò sì fi ra ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Èrò kan tó máa ń dẹ́rù bà mí ni pé kí ènìyàn dìde lówùúrọ̀ ọjọ́ kan kí ó lọ san owó ara rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ wa, Yorùbá pẹ̀lú Hausa, dìtẹ̀ ní Salvador. Wọ́n ṣẹ́gun wọn, ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí lé àwọn ọmọ Áfíríkà tó ti gba òmìnira kúrò nílùú, àwọn mìíràn sì fi ẹsẹ̀ ara wọn wọ ọkọ̀. Wọ́n padà sí Ouidah, sí Àgọ́wè, sí Àjàṣẹ́, sí Èkó. Kí Bràsíl tó fi òfin pa oko ẹrú rẹ́ ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 1888, wọ́n ti di ìlú kan nínú ìlú níhìn-ín: bíríkìlà, káfíńtà, télọ̀, alásè. Kí àlùfáà ìjọ Páàdì tó wá fìdí kalẹ̀ ní Èkó lẹ́yìn ọdún 1860, ọ̀kan nínú wọn, Pa Antonio, ló ń kó wọn jọ fún àdúrà. Ọwọ́ wọn ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross àkọ́kọ́. Ọwọ́ wọn náà ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, èyí tí João Baptista da Costa jẹ́ ọ̀gá iṣẹ́ rẹ̀. Ilé wọn tó lókìkí, Ilọ́jọ̀ Bar, tí wọ́n kọ́ ní 1855, dúró ní Tinúbu títí àwọn kan fi wó o lójijì ní 2016, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ti sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956. Èmi kò ní sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn, kí n má baà fi ọ̀rọ̀ búburú ba àpilẹ̀kọ jẹ́.

Ṣùgbọ́n kí a má pọ́n wọn jù. Nínú àwọn tó ti Bràsíl dé, àwọn kan dé etíkun yìí, wọ́n rí i pé èrè ṣì wà nínú òwò ènìyàn, wọ́n sì dara pọ̀ mọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú tí wọ́n bá nílé. Wọ́n ti jáde ní Íjíbítì, wọ́n sì fi ara wọn jẹ Fáráò. Àìsàn yìí kò yọ ìran kankan sílẹ̀. Ṣebí torí ẹ̀ ni Òfin Mósè fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn létí léraléra pé kí wọ́n má ṣe ni àlejò lára, nítorí pé àlejò ni àwọn náà ní Íjíbítì. A kì í sì í wí ohun kan ní àwítúnwí fún ẹni tí kì í gbàgbé.

Àjọ Ìrékọjá kò sì jìnnà sí omi wa tó bí a ti rò. Ní 1493, ọba João Kejì ti ilẹ̀ Potogí já àwọn ọmọ Júù kéékèèké gbà lọ́wọ́ òbí wọn, ó kó wọn lọ sí erékùṣù São Tomé tó wà nísàlẹ̀ wa níhìn-ín, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú. Ní 1591, àwọn aṣèwádìí ẹ̀sìn láti Lisbon gúnlẹ̀ sí Bahia, wọ́n ń wá àwọn Júù tí a fipá rì bọmi, tí wọ́n ṣì ń pa àṣà baba wọn mọ́ ní kọ̀rọ̀ yàrá. Nígbà tí àwọn ènìyàn wa dé ilẹ̀ Bahia, tí àwọn náà ń fi àwòrán ẹni mímọ́ bo òrìṣà wọn, tí wọ́n ń kí ìrun lẹ́yìn ilẹ̀kùn títì, orí ilẹ̀ tí àwọn ẹlòmíràn ti ń jẹ àkàrà àìwú ní ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n dúró sí.

Ìyá tó bí ìyá mi máa ń se frẹ́jọ̀n. Ó máa ń jókòó sórí àpótí kékeré lẹ́yìnkùlé, a ó sì rí omi àgbọn tí ń ṣàn funfun láàárín ìka rẹ̀ bó ti ń fún un nínú aṣọ. Èmi a lóṣòó tì í, màá ní, “Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tó jẹ́ pé ọjọ́ tí Olúwa kú la ń jẹ ohun dídùn?” Á ní, “Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é.” Màá ní, “Ta ni wọ́n?” Á ní kí n lọ bá òun mú asẹ́ wá. Mo mú asẹ́ wá, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀ títí ó fi di ẹni ilẹ̀. Ohun tó mọ̀ kò kéré. Ìtìjú ló dì í lẹ́nu. A pa oúnjẹ mọ́, a pa Fàńtí mọ́, a pa orúkọ Da Silva àti Pereira, Salvador àti Cardoso mọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè ọmọdé, tí í ṣe ẹran inú ọ̀rọ̀ náà, ni a fi asẹ́ sẹ́ dànù pẹ̀lú èèpo ẹ̀wà.

Àwọn mìíràn ti yá ìtàn Ìrékọjá lò, ojú kò sì tì wọ́n. Àwọn ará wa Mùsùlùmí ń gba ààwẹ̀ ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Mùhárámù, hádíìsì sì fi hàn pé nígbà tí Ànábì dé Mẹ̀dínà tó bá àwọn Júù tí wọ́n ń gbààwẹ̀ nítorí ọjọ́ tí Ọlọ́run gba Mósè lọ́wọ́ Fáráò, ó ní Mósè kan àwọn Mùsùlùmí náà. Ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 1969, ọdún kan géérégé lẹ́yìn tí wọ́n pa Martin Luther King, Arthur Waskow tí í ṣe Júù pe dúdú àti funfun, nǹkan bí 800 ènìyàn, sínú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláwọ̀ dúdú kan ní Washington, wọ́n sì jọ jẹ Seder òmìnira. Àwa tí a wà ní Lafiaji kò tilẹ̀ ní í rìn jìnnà láti rí ibi tí a lè tẹ́ tábìlì irú rẹ̀ sí, nítorí ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́, tí wọ́n ti Herbert Macaulay mọ́, ti di Freedom Park láti 2010, orin àti eré ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ báyìí.

Ọkùnrin àgbàlagbà kan tó ti jókòó sí irú tábìlì bẹ́ẹ̀ rí wà nítòsí ọjà Sandgrouse tí gbogbo ọmọ àdúgbò ń pè ní Bàbá Káfíńtà. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ní àwọn ọdún 1960, ó bá àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ṣiṣẹ́ ìkọ́lé ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí Arieh Sharon ti ya àwòrán ọgbà Yunifásítì. Ní àsìkò Ìrékọjá, onímọ̀-ẹ̀rọ kan pè é kó wá so pákó mọ́ tábìlì oúnjẹ rẹ̀, kó lè gba àlejò. Nígbà tó parí, wọ́n ní kó má lọ, wọ́n fún un ní àga. Kò gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ, ẹnì kan ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó ní ewé tí wọ́n fún òun korò, àmọ́ kò tó ewúro tí a kò fọ̀. Ohun tó ya òun lẹ́nu ni pé nígbà tí ọmọdé béèrè, tí bàbá sì ń dáhùn pé ẹrú ni wọ́n, kò sẹ́ni tó tẹrí ba nínú wọn; ńṣe ni wọ́n fara ti ìrọ̀rí bí ọmọ ọba.

Bàbá Káfíńtà gbàgbé rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Lẹ́yìn náà ni ìjà ilé bàbá dé láàárín òun àti àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá mìíràn, àbúrò yìí sì kọ ọ́ sínú ìwé àfisùn pé àrọ́tà ni ìran ìyá ẹ̀gbọ́n òun. Bàbá Káfíńtà jàre ní kóòtù. Àmọ́ àre náà kò jẹ́ kó sùn: bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀bù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, á rò pé òun ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín, ó gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀, tí wọ́n ń gbé ojúlé kejì. Lọ́dún kan, ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ Mímọ́, wọ́n mú iná lọ. Ó tan tọ́ọ̀ṣì láti wá ìṣáná fún ìyàwó rẹ̀ tó ń se ẹ̀wà, ó kúnlẹ̀, ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ rẹ̀ sì kan àpò ìwé ẹjọ́ náà. Ibẹ̀ ló kúnlẹ̀ sí, ó ní, tí Ilé-Ifẹ̀ padà wá sọ́kàn òun. Ọmọ Èkó ni, kò sun ìwé ìdájọ́. Ìwé àfisùn tí ọ̀rọ̀ àrọ́tà wà nínú rẹ̀ ló kì bọ inú ààrò ẹ̀wà, tí ìyàwó rẹ̀ sì ń pariwo pé èéfín yóò ba frẹ́jọ̀n òun jẹ́.

Lọ́jọ́ kejì ó ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ wá jẹun. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, bi í ní ohun tí gbogbo ọmọ Lafiaji máa ń béèrè, ìdí tí ẹ̀wà fi ń dùn lọ́jọ́ ọ̀fọ̀. Kò ní kó lọ mú asẹ́ wá. Ó sọ fún un pé ọjà ni wọ́n ti ra ìyá tó bí ìyá ìyá òun, pé wọ́n sì kó baba ńlá gbogbo wọn lọ sí Bràsíl nínú ọkọ̀, tó ṣiṣẹ́, tó dá owó jọ, tó ra ara rẹ̀ padà. Pé ẹrú ni ìhà méjèèjì, àti pé ó yẹ kí òun ti sọ ọ́ tipẹ́. Àárín ọ̀rọ̀ yìí ni àbúrò rẹ̀ wọlé, tó wá wo ohun tí wọ́n ń fi àwọn ọmọ òun ṣe. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ ọ títí, ó wá ní irọ́ ni, Pernambuco ni baba ńlá wọn ti wá, kì í ṣe Bahia. Bàbá Káfíńtà ní Bahia ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn, wọ́n sì jẹ àwo méjì méjì sórí iyàn náà. Nígbà tí kò sẹ́ni tó gbà fún ẹnì kejì, wọ́n rán ọmọbìnrin náà sí àbúrò bàbá wọn obìnrin, arúgbó tó kù nínú ìran náà, ní òpópónà Bámgbóṣé, kó lọ bi í léèrè. Ọmọ náà sáré lọ, ó sáré bọ̀. Màmá ní òun mọ̀ ọ́n, òun sì mọ orúkọ ọkọ̀ náà pàápàá, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ bu frẹ́jọ̀n tòun wá, kí ẹja inú rẹ̀ má sì kéré.